Ta ni yóò sanwó títì? Àlàyé lórí bí káńsù Chicago ṣe ń ṣe ìjọba láàárín ọdún 1837 sí 1900

Ẹni tó bá ṣí àkọsílẹ̀ ìpàdé káńsù ìlú Chicago ti nǹkan bí ọdún 1840 tàbí 1850, ọ̀rọ̀ náà yóò kọ́kọ́ rú u lójú. Àwọn onílé kan kọ̀wé pé kí wọ́n bá àwọn tẹ́ pákó sí ojú títì àwọn. Àwọn onílé mìíràn ní títì kan náà kọ̀wé pé àwọn ò fẹ́. Ẹnì kan ń tọrọ láísẹ́ńsì ọtí. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ afárá kan lé ìgbìmọ̀ kékeré lọ́wọ́, wọ́n sì sún ti gọ́tà kan síwájú. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ láti ojú ewé dé ojú ewé, ó sì ṣòro kéèyàn tó rí ibi tí káńsù ti jókòó ro ohun tí wọ́n máa ṣe fún gbogbo ìlú pátá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń rò pé ọ̀lẹ ni wọ́n, tàbí pé wọ́n ti kó owó jẹ. Olè wọ ọ̀rọ̀ náà nígbà tó yá lóòótọ́, a óò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, ètò ni, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló lè tú gbogbo rẹ̀: ta ni yóò sanwó? Ẹni tó ń sanwó ló lẹ́nu ọ̀rọ̀ ní Chicago ìgbà náà. Tí ẹ bá di ìyẹn mú, gbogbo ìwé ẹ̀bẹ̀, ìwé àtakò, ìgbìmọ̀ àti ilé ẹjọ́ yẹn yóò yé yín.

Ní ọdún 1833, ìletò kékeré létí adágún Michigan ni Chicago, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 1837, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Illinois fún un ní ìwé àṣẹ tó sọ ọ́ di ìlú, nígbà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ tó nǹkan bí 4,000. Ní 1850 wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30,000. Ní 1860 wọ́n ti lé ní 112,000. Ní 1870 ó ku díẹ̀ kí wọ́n pé 300,000, nígbà tó sì fi máa di 1890, wọ́n ti kọjá mílíọ̀nù kan. Ẹ fi àwọn iye yìí sọ́kàn, nítorí ètò tí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn ṣe fún ara wọn ni mílíọ̀nù kan ènìyàn wá jogún.

Ìwé àṣẹ tí mo dárúkọ yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Ìlú ní Amẹ́ríkà nígbà náà kì í ní agbára ti ara rẹ̀; ohun tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ bá kọ sínú ìwé pé kó ṣe nìkan ló lè ṣe. Òun ló fà á tí ẹ fi máa ń rí i tí àwọn aṣòfin tó jókòó síbi tó jìnnà sí Chicago ń ṣòfin lórí gọ́tà Chicago. Nínú ìlú fúnra rẹ̀, wọ́n pín àdúgbò sí wọ́ọ̀dù mẹ́fà ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan sì ń rán kánsẹ́lọ̀ tirẹ̀ wá. Olórí ìlú wà, ṣùgbọ́n ọdún kan péré ló ń lò (ọdún 1863 ni wọ́n tó sọ ọ́ di ọdún méjì), agbára rẹ̀ ò sì tó nǹkan. William B. Ogden, tó kọ́kọ́ jẹ olórí ìlú, òwò ilẹ̀ ló ń ṣe. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń darí ìlú nígbà náà ló jẹ́ oníṣòwò ilẹ̀. Wọ́n ra ilẹ̀ pẹ̀lú ìrètí pé yóò gbówó lórí, ilẹ̀ kì í sì í gbówó lórí láìsí títì tó dé ibẹ̀.

Bí títì kan ṣe ń di ṣíṣe

Ẹ jẹ́ kí a mú títì kan tí ẹrẹ̀ ti bò, bí gbogbo títì Chicago ṣe rí nígbà òjò, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú adágún. Káńsù kì í dédé dìde lọ tún un ṣe. Àwọn tó ní ilẹ̀ lẹ́bàá títì náà ni yóò kọ́kọ́ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọn yóò fọwọ́ sí i. Káńsù yóò gbé ìwé náà fún ìgbìmọ̀ kékeré tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ títì ní apá ìlú yẹn. Tí ìyẹn bá fara mọ́ ọn, wọn yóò yan àwọn ènìyàn mélòó kan láti lọ wo ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì díye lé àǹfààní tí títì náà yóò ṣe fún un. Iye yẹn ni wọ́n máa pín owó iṣẹ́ lé lórí. Wọn yóò gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn kí ẹni tó bá ní àwíjàre lè wá wí i. Lẹ́yìn náà ni agbowó yóò jáde. Ẹni tí kò bá san, wọ́n lè ta ilẹ̀ rẹ̀.

Àwọn tí kò fẹ́ náà kì í dákẹ́. Wọn yóò kọ ìwé àtakò tiwọn, tí wọ́n bá sì pọ̀ tó, káńsù sábà máa ń jáwọ́. Àwọn kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yòókù kì í dá sí i púpọ̀. Kí ni wọn yóò dá sí? Kò sí kọ́bọ̀ àwọn ará wọ́ọ̀dù tiwọn níbẹ̀.

Ohun tó jọ ọ́ jù tí mo lè tọ́ka sí ni ẹgbẹ́ onílé àdúgbò tó ń dá owó jọ láti ra ẹ̀rọ iná tàbí láti ro ọ̀nà wọn ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, tí àdúgbò kejì kò sì ní bá wọn dá síi. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ti Chicago ní agbára òfin lẹ́yìn. Ìjọba fúnra rẹ̀ ni ẹgbẹ́ onílé.

Kí ló dé tí wọ́n fi yan irú ètò yìí? Ìbẹ̀rù ni. Ọdún tí Chicago di ìlú gan-an, 1837, ni ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé. Ìpínlẹ̀ Illinois ti yá owó rẹpẹtẹ láti gbẹ́ ipa odò àti láti ṣe ọ̀nà reluwé, nígbà tó sì di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1840, kò lè san èlé gbèsè náà mọ́. Ẹni tó bá rí ìyẹn kò ní fẹ́ kí káńsù máa fi owó orí gbogbo ìlú ṣe ohun tí yóò mú ilẹ̀ ẹlòmíràn gbówó lórí. Lójú tiwọn, ìdájọ́ òdodo ni: kí ẹni tó máa jèrè sanwó, kí ẹni tí kò jèrè fi owó rẹ̀ sápò. Mo rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Kánsẹ́lọ̀ kan ò lè fi títì pàrọ̀ ìbò, nítorí kò sí àpò gbogbogbòò tó lè ti bù ú.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó wà níta. Ẹni tó ń gba ilé gbé lè dìbò, síbẹ̀ ìbò rẹ̀ kò lè mú títì wá síwájú ilé tó ń gbé, nítorí onílẹ̀ nìkan ni ìwé ẹ̀bẹ̀ mọ̀. Obìnrin kò lè dìbò. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ní Illinois kò lè dìbò títí di 1870. (Ọdún kan péré lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n dìbò yan John Jones, aláwọ̀ dúdú tó ń ránṣọ ní Chicago, sí ìgbìmọ̀ tó ń darí Cook County, agbègbè ìjọba tí Chicago wà nínú rẹ̀. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sí ipò ní ìpínlẹ̀ náà.) Títì tí onílé rẹ̀ lówó dán, títì tó tẹ̀ lé e kún fún ẹrẹ̀. Ẹni tó ń rìn kọjá kì í mọ̀ pé kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé ibẹ̀. Àwọn tó ni ibẹ̀ ni kò tọrọ rẹ̀.

Ìwé ẹ̀bẹ̀ àti ìwé àtakò wọ̀nyí ṣì wà. Fún ìgbà pípẹ́, wọ́n gbà pé iná ńlá ọdún 1871 ti jó gbogbo wọn. Ní 1983 ni wọ́n rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn nínú ilé ìkẹ́rùsí kan, láti 1833 títí dé 1871, pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé àwọn onílé lára wọn. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí èyí. Tí ìwé yẹn bá ti jóná ni, ìwé ìròyìn nìkan la ò bá máa gbára lé, ìwé ìròyìn kì í sì í kọ orúkọ ẹni tó ní gọ́tà òun ti dí.

Ọ̀rọ̀ afárá náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Odò Chicago pín ìlú sí ọ̀nà mẹ́ta: gúúsù, àríwá àti ìwọ̀ oòrùn. Àwọn onílẹ̀ àti oníṣòwò tó wà nítòsí odò ló sábà máa ń dá owó afárá jọ. Ní 1839, àwọn ará gúúsù gbà pé afárá tó wà ní títì Dearborn ń gbé oníbàárà lọ fún àwọn ará àríwá. Káńsù pàṣẹ pé kí wọ́n wó o. Àwọn ará gúúsù kò fọkàn tán káńsù pé kò ní yí ohùn padà, ni wọ́n bá gbé àáké, wọ́n sì gé afárá náà wẹ́wẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Tí ìlú bá jẹ́ àkójọ àwọn onílẹ̀ tí kálukú ń wo tirẹ̀, irú èyí gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀.

Owó orí gbogbogbòò wà o, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀: àwọn ọlọ́dẹ, ẹ̀wọ̀n, owó oṣù akọ̀wé, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń pa iná kì í gbowó títí di 1858. Ní ti ilé ẹ̀kọ́, ìjọba Amẹ́ríkà ti ya odindi máìlì kan níbùú lóòró sọ́tọ̀ fún un láàárín ìlú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1833, wọ́n ta 138 nínú 142 ìpín ilẹ̀ náà ní nǹkan bí 38,000 dọ́là. Àárín gbùngbùn Chicago ni ilẹ̀ yẹn wà lónìí. Ó dùn mí fún àwọn ọmọ ilé ìwé náà.

Ohun tí kò ṣeé pín sí ojúlé

A lè pín títì. Omi kò ṣeé pín bẹ́ẹ̀. Tí ilé mẹ́wàá bá gbẹ́ gọ́tà, tí ogún kò gbẹ́, ìdọ̀tí ogún yẹn yóò wá bá àwọn mẹ́wàá nílé. Kọ́lẹ́rà ló fi èyí kọ́ wọn. Ó wá ní 1849, ó padà wá, ní 1854 nìkan ó sì pa ènìyàn 1,424 nínú ìlú tí kò tíì tó 80,000.

Ṣáájú ìgbà yẹn, ilé iṣẹ́ aládàáni kan ló ń fa omi láti adágún gba inú páìpù onígi, apá díẹ̀ péré nínú ìlú ló sì ń dé. Àwọn yòókù ń ra omi lọ́wọ́ olómi tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin kiri, tàbí kí wọ́n pọn kànga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá. Ní 1851, ilé aṣòfin Illinois dá ìgbìmọ̀ omi kan sílẹ̀ tó jẹ́ ti gbogbo ìlú. Ní 1855, wọ́n dá ìgbìmọ̀ gọ́tà abẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀, ẹni mẹ́ta, apá ìlú kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ogden tún wà níbẹ̀. Wọ́n pe Ellis S. Chesbrough, onímọ̀ ẹ̀rọ láti Boston, kó wá ṣètò rẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun tó yí padà níbí. Àwọn ìgbìmọ̀ yìí kò dúró de ìwé ẹ̀bẹ̀ onílé. Wọ́n ta bọ́ǹdì lórúkọ gbogbo ìlú, ìyẹn ni pé wọ́n yá owó tí gbogbo ènìyàn máa jọ san. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹni tó wà ní àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ohun tó wà lábẹ́ títì gúúsù nìyẹn. Lójú tèmi, ìgbà yẹn gan-an ni Chicago di ìlú, yálà wọ́n mọ̀ tàbí wọn ò mọ̀.

Ilẹ̀ tẹ́ jù, omi kò lè ṣàn nínú páìpù tí wọ́n bá rì mọ́lẹ̀. Chesbrough ní kí wọ́n tẹ́ páìpù sórí ilẹ̀ láàárín títì, kí wọ́n wá da iyẹ̀pẹ̀ bò ó, kí wọ́n ṣe títì tuntun sórí rẹ̀. Ìyẹn gbé títì ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, mẹ́fà, níbòmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì wá di èyí tó wà nínú kòtò. Ibí yìí ni ètò àtijọ́ tún ti yọjú: ìlú gbé títì sókè, ṣùgbọ́n onílé ló ni wàhálà ilé rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ilé òun bá títì mu, owó ara rẹ̀ ni yóò fi gbé e.

Wọ́n sì gbé wọn. Ní 1858, wọ́n fi jáàkì 200 gbé ilé onípele mẹ́rin kan tí wọ́n fi bíríkì kọ́, ó sì lé ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ní 1860, wọ́n kó nǹkan bí 600 ènìyàn àti jáàkì 6,000 sábẹ́ odindi ọ̀wọ́ ilé kan ní títì Lake, tó gùn tó 320 ẹsẹ̀ bàtà, wọ́n sì gbé gbogbo rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan náà láàárín ọjọ́ mélòó kan, tí ọjà ń lọ nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù. Ní 1861, ó kan ilé ìtura ńlá tó ń jẹ́ Tremont House. George Pullman, tó wá di olówó nídìí ọkọ̀ reluwé lẹ́yìn náà, wà lára àwọn kọngílá tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹni tí kò lówó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ nínú kòtò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àtẹ̀gùn ni ènìyàn ń gùn tó sì ń sọ̀ lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo, bó ṣe ń ti iwájú ilé kan bọ́ sí iwájú ilé kejì.

Gọ́tà náà ṣiṣẹ́, ó sì da ìdọ̀tí gbogbo ìlú sínú odò. Odò ń ṣàn sínú adágún. Inú adágún ni wọ́n ti ń fa omi mímu. Wọ́n gbẹ́ ihò lábẹ́ adágún tó gùn ní máìlì méjì, kí wọ́n lè fa omi láti ibi tí ìdọ̀tí kò tíì dé. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1867. Wọ́n tún jin ipa odò àtọwọ́dá tó so odò Illinois pọ̀ mọ́ adágún Michigan, kí odò Chicago lè máa ṣàn padà kúrò lọ́dọ̀ adágún. Wọ́n parí rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1871, ó sì ná ìlú ní nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni iná ńlá jó ìlú, ó pa nǹkan bí 300 ènìyàn, ó sì sọ 100,000 di aláìnílé. Ìjọba ìpínlẹ̀ wá dá owó ipa odò yẹn padà fún Chicago kó lè rí owó tún ara rẹ̀ ṣe.

Mo gbọ́dọ̀ tọ́ ohun kan sọ́nà níbí, nítorí ó gbilẹ̀ gan-an. Wọ́n máa ń sọ pé kọ́lẹ́rà pa 90,000 ènìyàn ní Chicago ní 1885, pé ìyẹn ló mú kí wọ́n yí odò padà. Kò ṣẹlẹ̀. Òjò ńlá rọ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn lóòótọ́, ẹ̀rù sì ba ìlú pé ìdọ̀tí yóò dé ibi tí wọ́n ti ń fa omi. Ṣùgbọ́n kò sí kọ́lẹ́rà tó pa ènìyàn bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà. Àwọn tí kọ́lẹ́rà pa ní 1854 kú ní tòótọ́, ó sì yẹ kí a máa rántí tiwọn dípò àwọn tí kò sí.

Ìjọba púpọ̀ lórí ilẹ̀ kan

Ọ̀nà tí wọ́n gbà yanjú ọ̀rọ̀ omi ló bí ìdàrúdàpọ̀ mìíràn. Nígbàkígbà tí iṣẹ́ tuntun bá délẹ̀, ilé aṣòfin kì í fún káńsù. Ìgbìmọ̀ tuntun ni wọ́n máa ń dá sílẹ̀. Ní 1861, wọ́n pa ìgbìmọ̀ omi, gọ́tà àti títì pọ̀ di ìgbìmọ̀ iṣẹ́ ìlú. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gba ọlọ́pàá kúrò lọ́wọ́ olórí ìlú, wọ́n fà á lé ìgbìmọ̀ ọlọ́pàá lọ́wọ́. John Wentworth, tó jẹ́ olórí ìlú, bínú débi pé kó tó fi ipò sílẹ̀, ó lé gbogbo ọlọ́pàá Chicago lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Fún wákàtí mélòó kan, ìlú tó lé ní 100,000 ènìyàn kò ní ọlọ́pàá kankan.

Ní 1869, wọ́n dá ìgbìmọ̀ ọgbà ìgbafẹ́ mẹ́ta sílẹ̀, apá ìlú kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè gba owó orí. Cook County tún wà lókè wọn pẹ̀lú ilé ẹjọ́ àti ilé ìwòsàn tirẹ̀. Àwọn ìjọba kéékèèké mẹ́ta tún wà, ti gúúsù, àríwá àti ìwọ̀ oòrùn, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti díye lé dúkìá fún owó orí. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní títì State lè san owó fún ìjọba mẹ́rin tàbí márùn-ún kó má sì mọ èyí tó yẹ kó lọ bá tí títì bá bàjẹ́. Tí ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀ kan nínú àkọsílẹ̀ àtijọ́ tí ẹ ò rí i lọ́dọ̀ káńsù, ẹ má sọ pé kò sí. Ó ṣeé ṣe kó wà lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ yìí.

Ìwé òfin Illinois ti 1870 fi òpin sí ṣíṣe òfin fún ìlú kan ṣoṣo. Wọ́n ṣe òfin kan náà fún gbogbo ìlú ní 1872, Chicago sì dìbò gbà á ní 1875. Ìwé òfin yẹn kan náà ló sọ pé gbèsè ìjọba ìlú kankan kò gbọ́dọ̀ ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye dúkìá tó wà níbẹ̀ lọ. Ẹ fi ti gbèsè yìí sọ́kàn.

Láísẹ́ńsì àti àṣẹ tí wọ́n ń tà

Ọ̀nà mìíràn wà tí káńsù ń gbà rí owó, ìyẹn láísẹ́ńsì. Ẹni tó ń ta ọtí, ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ kó ẹrù, gbogbo wọn ló ń san án. Láísẹ́ńsì kì í ṣe owó nìkan, ó tún jẹ́ pàṣán. Ní 1855, Levi Boone, olórí ìlú tí kò fẹ́ràn àwọn àjèjì, sọ láísẹ́ńsì ọtí di 300 dọ́là láti 50. Àwọn ará Jámánì tó ní ilé ọtí kéékèèké mọ̀ pé àwọn ni wọ́n ń bá wí. Wọ́n kọ̀ láti san án, ìlú kó àwọn kan nínú wọn lọ sí ilé ẹjọ́, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin sì ni àwọn ènìyàn wọn ya lọ síbẹ̀ tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọlọ́pàá. Ní ìdìbò ọdún kejì, ẹgbẹ́ Boone fìdí rẹmi.

Èyí tó wá ba nǹkan jẹ́ pátápátá ni àṣẹ lílo títì. Ọdún 1859 ni ọkọ̀ ojú irin tí ẹṣin ń fà kọ́kọ́ gba títì State. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ tẹ́ irin sójú títì, tàbí kó ri páìpù gáàsì sábẹ́ rẹ̀, tàbí kó ta wáyà iná sókè rẹ̀, káńsù ló máa gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: títì tí káńsù kì í fi owó ìlú ṣe tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí káńsù lè tà. Ní 1865, ilé aṣòfin sọ àṣẹ àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ yìí di ọdún 99, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gómìnà kọ̀ láti fọwọ́ sí i.

Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1890, kánsẹ́lọ̀ 68 ló wà, méjì méjì láti wọ́ọ̀dù 34. Dọ́là mẹ́ta péré ni owó tí kánsẹ́lọ̀ ń gbà fún ìpàdé kan. Àṣẹ tí wọ́n ń fọwọ́ sí sì tó mílíọ̀nù. Kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé rìbá wọlé. Ní 1895, káńsù fún ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Ogden Gas ní àṣẹ ọdún 50. Àwọn olóṣèlú ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí wọ́n sì dá a sílẹ̀ fún ni kí ilé iṣẹ́ gáàsì tó ti wà tẹ́lẹ̀ lè fi owó ńlá rà á kó má bàa bá òun díje.

Ẹni tó lókìkí jù nídìí èyí ni Charles Yerkes, tó ní ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ìgboro. Ní 1897, ilé aṣòfin ṣe òfin kan tó gba káńsù láyè láti fún un ní àṣẹ fún ọdún 50. Ó kù kí káńsù fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1896 tó ń tẹ àkọsílẹ̀ ìwà kánsẹ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan jáde ṣáájú ìdìbò. Ní oṣù kejìlá ọdún 1898, àwọn ènìyàn kún inú gbọ̀ngàn káńsù àti ìta rẹ̀, àwọn kan mú okùn tí wọ́n ti ta ní kókó lọ́wọ́. Carter Harrison kékeré, tó jẹ́ olórí ìlú, takò ó. Kódà John Coughlin àti Michael Kenna, kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù kìíní tí gbogbo ìlú mọ̀ mọ́ rìbá, dìbò lòdì sí Yerkes. Àbá náà ṣubú, wọ́n sì fagi lé òfin 1897 yẹn ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Mo máa ń ronú lórí alẹ́ yẹn. Ọgọ́ta ọdún ṣáájú rẹ̀, onílẹ̀ nìkan ló ní ohùn lórí títì tirẹ̀. Ní 1898, ayálégbé, òṣìṣẹ́, ẹnikẹ́ni tó ń wọkọ̀, gbà pé títì náà jẹ́ ti òun.

Odò tó yí padà

Ó ku gbèsè tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ipa odò 1871 kò tó fún ìlú mílíọ̀nù kan mọ́. Nígbà òjò, ìdọ̀tí ń ṣàn padà sínú adágún. Iṣẹ́ tuntun yóò ná owó tí òfin kò gbà kí Chicago yá. Ní 1889, ilé aṣòfin dá ìjọba tuntun kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Sanitary District of Chicago. Ó ní ààlà tirẹ̀, ó ń gba owó orí tirẹ̀, ó sì lè yá gbèsè tirẹ̀, nítorí òfin kò ka gbèsè rẹ̀ mọ́ ti Chicago. Dúkìá àwọn ènìyàn kan náà ló fi dúró. Ó gbẹ́ ipa odò tó gùn ní máìlì 28, ó sì ṣí i ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 1900. Odò Chicago kẹ̀yìn sí adágún Michigan, ó ń gbé ìdọ̀tí ìlú lọ sí odò Illinois, láti ibẹ̀ sí Mississippi.

Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò kò sí nínú ààlà ìjọba yẹn. Wọn kò san owó níbẹ̀, wọn kò sì dìbò níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Missouri, tí ìlú St. Louis rẹ̀ ń mu omi Mississippi, pe Illinois lẹ́jọ́ níwájú ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ní 1906, ilé ẹjọ́ náà dájọ́ pé ẹ̀rí Missouri kò tó láti fi hàn pé ìdọ̀tí Chicago ló ń kó ibà jẹ̀funjẹ̀fun bá àwọn ènìyàn rẹ̀, pé àwọn ìlú Missouri fúnra wọn náà ń da ìdọ̀tí sínú odò kan náà. Omi náà ń ṣàn lọ bẹ́ẹ̀.